Èdìdì Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìyàwó Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á tán kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ lè máa bú mi lọ, mo ti fàyè sílẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ kiri, tí mò ń yẹ òṣùwọ̀n wọn wò. Tí òṣùwọ̀n bá pé, mo máa lẹ èdìdì kékeré aláwọ̀ ewé kan mọ́ ọn, mo máa fọwọ́ sí i. Tí kò bá pé, mo máa gbé e lọ. Àwọn tó ń lo òṣùwọ̀n èké kì í fẹ́ràn mi, inú mi sì máa ń dùn pé wọn kì í fẹ́ràn mi.

Nínú ẹbí wa, Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè mí. Tí àna mi bá ra nǹkan, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á ní, "Ọ̀gá Òṣùwọ̀n, ẹ bá mi gbé e wò." Mo máa gbé e, mo máa sọ bó ṣe wúwo tó, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìyàwó mi náà kì í bá mi jiyàn lórí ohun tó bá jẹ mọ́ ìwúwo. Ó ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan yòókù.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Kì í ṣe ti inú ọsibítù o. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí àwọn abúlé tí mọ́tò kì í dé, kó máa wọn àwọn ọmọ ọwọ́, kó máa kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, kó sì máa sọ fún àwọn ìyá wọn bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ Ajé ló ń jáde nílé, ọjọ́ Ẹtì ló ń wọlé. Ẹsẹ̀ ló fi ń rin èyí tó pọ̀ jù, báàgì kan á sì wà léjìká rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ òpó ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò aláṣọ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí, ìwé àkọsílẹ̀ àti omi mímu.

Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú lórí alùpùpù, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n tò ó padà. Dókítà wá kìlọ̀ fún un pé kí ẹrù rẹ̀ máa fúyẹ́, torí tó bá tún fi lè yẹ̀, iṣẹ́ abúlé ti parí fún un nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ́fíìsì wọn pàṣẹ pé orí tábúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀, ni kí gbogbo nọ́ọ̀sì máa kọ ìwọ̀n ọmọ sí báyìí. Ìwé ṣì máa wà, tábúlẹ́ẹ̀tì á tún wà lórí ẹ̀. Kí kálukú lọ wá tirẹ̀.

Ìyàwó mi bá mi ní kíṣìnì. Ó ní, "Bàbá wa, ẹ bá mi wá tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Kékeré ni mo fẹ́ o. Èyí tó fúyẹ́ jù lọ tí wọ́n ń tà. Ìrìn àjò ni mo fẹ́ fi ṣe, mi ò fẹ́ fi ṣe fáàrí."

Mo ní, "Báwo ló ṣe máa kéré tó?"

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ fún mi. "Èyí tí ọwọ́ kan lè dì mú. Ọwọ́ kejì máa wà lára ọmọ. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan tó fúyẹ́. Èyí tí ẹ bá ti mú wá, mo ti gbà á."

Mo ní kò sí wàhálà.

Mo ní nǹkan kan tí mi kì í sọ fún èèyàn. Mo fẹ́ràn ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ máa ń wọ ṣòkòtò pénpé, tí ọ̀kan á gbé ìkejì sókè, tí á sì là á mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣètò ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde síta. Èmi tí mò ń gbé òṣùwọ̀n èké kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó yẹ kí n kórìíra rẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, fóònù mi kéré, ìyàwó mi ló sì ni tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ́fíìsì wa. Ó-Ku-Kan là ń pè é, torí kò sí ohun tí èèyàn bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní sọ pé ó ku ẹyọ kan. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ọjà rẹ̀ ò sì tán rí.

Mo ní, "Tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré ni mo wá rà, èyí tó fúyẹ́, fún ìrìn àjò."

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ku kan."

Ó gbé e fún mi. Kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ. Ìka mi yí i ká. Mo fa òṣùwọ̀n kékeré tí mo máa ń gbé sápò yọ, mo gbé e lé e: ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù géérégé. Ohun tí ìyàwó mi ní kí n rà gan-an nìyẹn. Ká ní mo sanwó, kí n máa lọ sílé, mi ò ní rí ìtàn kankan sọ fún yín.

Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, mo rí òmíràn tí wọ́n gbé dúró sórí pẹpẹ. Ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun méjì. Ìjàkadì ló wà lójú ẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ bojú gbé ọ̀gbẹ́ni kan sí èjìká, ó ń yí i po, mo sì ń rí òógùn tó ń ta jáde lára wọn. Mo rí òógùn o, láìwọ awò ojú.

Mo ní, "Ìyẹn ńkọ́?"

Ó-Ku-Kan ní, "Ìyẹn? Ìyẹn ti inú ilé ni, ọ̀gá. Èèyàn kì í gbé e rìnrìn àjò. Iye kan náà ni mò ń ta àwọn méjèèjì, torí ìyẹn ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ku kan."

Mo wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gíráàmù. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e lé e, bóyá á dín kù. Kò dín kù.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi ṣèpàdé. Mo ní, irinwó gíráàmù ló fi ju kékeré lọ. Kí ni irinwó gíráàmù? Ife omi méjì ni. Ṣebí ó máa ń gbé omi lọ, kó kàn mu ife méjì kó tó jáde nílé. Mo tún ní lẹ́tà gàdàgbà á tù ú lójú. Kò sóhun tó ṣe ojú ìyàwó mi rárá.

Ó-Ku-Kan fúnra rẹ̀ ló gbìyànjú láti dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ní fún ìrìn àjò. Ṣé mádáàmù ò ní bínú?"

Mo ní, "Dì í fún mi."

Ìyàwó mi fọwọ́ òsì gbà á, ọwọ́ náà sì tẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Hà, ó mà fẹ̀ o. Ó sì ń ṣe mí bíi pé ó wúwo."

Mo ní, "Ojú ẹ̀ ló fẹ̀. Ara ẹ̀ fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tuntun báyìí nìyẹn."

"Gíráàmù mélòó ni?"

"Ọ̀ọ́dúnrún."

Ẹ wò ó, mo rí ọ̀ọ́dúnrún lójú òṣùwọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn ni mo ti rí i.

Ó wò mí, ó tún wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ó dáa náà. Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Ẹ kú wàhálà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, èjìká rẹ̀ wú. Ó gbé omi gbígbóná lé e, ó ní, "Ẹ má bínú o. Nǹkan yìí wúwo. Ẹ bá mi tún un wọ̀n."

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó lọ sírìn àjò. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n ńlá wa, èyí tí gbogbo òṣùwọ̀n ìlú ń wò kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú èdìdì kan, mo kọ ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù sí i, mo kọ déètì, mo fọwọ́ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò lẹ èdìdì mọ́ irọ́ rí. Ó lẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ìyàwó mi rí i, ojú tì í. Ó fọwọ́ pa èdìdì náà. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Bàbá wa. Èjìká mi ló ń tàn mí jẹ."

Mo dárí jì í.

Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó bá ń sinmi, èmi á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wọ yàrá, èmi á wo ìjàkadì mi. Ọkùnrin aláṣọ-bojú yẹn ò pàdánù rí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ara tù mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìyàwó mi wọlé, kò bọ́ bàtà, ó kàn jókòó sórí àga. Ó ní, "Bàbá wa, òṣùwọ̀n mi ti bàjẹ́."

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí nọ́ọ̀sì tó wọn ọmọ kankan láàárọ̀, kó kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n, láti fi mọ̀ bóyá ó ń sòótọ́. Wọ́n fún wọn ní irin kékeré kan fún un. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé òṣùwọ̀n ń fi kún un, kí nọ́ọ̀sì yọ iye tó fi kún un kúrò nínú ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Ó ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí irin mi ti bọ́ sódò níbi tí a ti ń sọdá, wọn ò sì tíì fún mi ní òmíràn. Mo wá rò ó pé kí ni mò ń wá irin fún? Ṣebí nǹkan tí wọ́n lẹ èdìdì mọ́ wà lọ́wọ́ mi, tí ọkọ mi fọwọ́ sí. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ọn. Bàbá wa, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló ń sọ! Irinwó ló ń fi kún ti gbogbo ọmọ!"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Kò gùn. "Mo purọ́ fún ẹ." Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́.

Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n?"

Ó ní, "Mo ti yọ irinwó kúrò nínú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí òfin. Ọmọ mọ́kànlá ló bọ́ sábẹ́ ìlà pupa, ìlà àwọn tí ebi ń pa. Mọ́kànlá! Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sọ fún àwọn ìyá wọn pé ọmọ yín ń ṣe dáadáa, àwọn ọmọ sì ń rù lójú mi." Ó bú sẹ́kún. Ìyàwó mi kì í sunkún. Ọjọ́ tí èjìká rẹ̀ yẹ̀, ńṣe ló ń sọ fún dókítà ibi tí kó dì mú.

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lóṣù yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sáré lọ bá Ó-Ku-Kan. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí kékeré yẹn, kí n lè sọ fún ìyàwó mi pé mo rí èyí tó tún dáa jù ú lọ, kí n sì bó èdìdì yẹn dànù.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti tán."

Mo ní, "Ṣé kò ku kan ni?"

Ó ní, "Kò ku ìkankan." Ọdún mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé ọ́fíìsì wa láti ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì, pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá yẹ òṣùwọ̀n ọmọdé kan wò kíákíá. Ọ̀gá mi gbé e fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òṣùwọ̀n ìyàwó ẹ ni o. Ta ló tún tọ́ sí jù ẹ́ lọ?"

Mo ki lẹ́tà náà bọ abẹ́ gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Tí ìyàwó mi bá bèèrè pé, "Bàbá wa, ṣé lẹ́tà wa ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín?" mo máa ní, "Ẹ̀yin náà mọ bí lẹ́tà ìjọba ṣe máa ń rìn." Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó mi ní ẹ̀yin, kó ti mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀. Kò fura.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ wá burú. Ó wọlé, kò lè jẹun. Ó ní ìyàwó ilé kan wà lábúlé tó jìnnà jù, ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ò ju oṣù mẹ́rin lọ, ó sì wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn.

"Ìyá ọkọ ẹ̀ mọ̀wé. Ó ka ohun tí mo kọ. Ó ní ọmú obìnrin náà ò dáa, pé ó fẹ́ fi ebi pa ọmọ ọmọ òun. Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, yàrá tiẹ̀ ló gbé e sùn, omi oníṣúgà ló ń fún un. Ọmọ ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Obìnrin náà kàn ń jókòó síta ni, ọmú ẹ̀ ń sẹ̀ sí i láyà. Mo ní kí wọ́n fún un lọ́mọ ẹ̀, ìyá ọkọ ní, 'Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.'"

Ó nu ojú ẹ̀. "Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ń bọ̀ níbẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ó ti pe ọ̀gá yín lórí fóònù, ọ̀gá yín sì ti sọ pé ẹ̀yin lẹ máa wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀yin ni."

Mo wo ìjàkadì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Mi ò rí nǹkan tí wọ́n ń ṣe.

Yàrá kan tí wọ́n fi ń ṣe kíláàsì lábúlé náà ni a ti pàdé. Fèrèsé kan, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, òpó kan láàárín. Wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n kọ́ òpó náà. Mátírọ́ọ̀nù jókòó sídìí tábìlì olùkọ́. Ìyá ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé ọmọ sí itan. Ìyá ọmọ gan-an wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ìyàwó mi bá mi gbé àpótí mi wọlé, àpótí tí òkúta ìwọ̀n mi wà nínú ẹ̀. Òkúta là ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n idẹ ni.

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Tí òṣùwọ̀n yìí bá ń parọ́, òótọ́ ni nọ́ọ̀sì kọ, ebi sì ń pa àwọn ọmọ yìí. Tí òṣùwọ̀n bá pé, nọ́ọ̀sì ló yọ ohun tí kò yẹ kó yọ, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin la ń wò."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ibi tí mo bára mi dé. Tí mo bá ní òṣùwọ̀n ti bàjẹ́, ìyàwó mi bọ́, èmi náà bọ́. Ìyá ọmọ yẹn nìkan ni kò ní bọ́, òun àtọmọ ẹ̀.

Mi ò ṣí àpótí. Mo súnmọ́ òṣùwọ̀n, mo fìka kàn án, mo mi orí bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń mi orí.

Mo ní, "Ó ti bàjẹ́."

Ìyàwó mi mí kanlẹ̀. Ìyá ọkọ kọjú sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé o gbọ́?" Obìnrin tó wà lẹ́yìn ò wò ó. Èmi ló kọjú sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ọmú mi ò dáa?"

Mátírọ́ọ̀nù ti ń na bírò sí mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì gbà á.

Ìyàwó mi ní, "Rárá o, Bàbá wa. Ẹ má tíì kọ ọ́. Wọ́n á ní torí pé mo jẹ́ ìyàwó yín ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i." Kí n tó sọ pé ó yá, ó ti ṣí àpótí mi. Ó mú òkúta oníkílò márùn-ún, ó fọwọ́ òsì ràn án lọ́wọ́, ó gbé e kọ́.

Kílò márùn-ún.

Ó dúró kí ọwọ́ òṣùwọ̀n fara balẹ̀. Ó fara balẹ̀ sórí márùn-ún. Ó yọ ọ́, ó gbé oníkílò méjì kọ́. Ó sọ méjì. Ó gbé oníkílò kan kọ́. Ó sọ ọ̀kan. Ó wá fa tábúlẹ́ẹ̀tì yọ nínú báàgì, ó gbé e sínú àpò ọmọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ka èdìdì náà síta: "Ọ̀ọ́dúnrún." Ó ka orúkọ mi.

Mo ní ó ti tán. Mo ń dúró kó yíjú sí mi.

Ó yíjú sí mi lóòótọ́. Àánú mi ló ń ṣe é. Ó rọra sọ ọ́, kí ojú má bàa tì mí, "Bàbá wa, òkúta yín ti bàjẹ́."

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Gbogbo wọn?"

Ìyàwó mi ní, "Gbogbo wọn, mà. Bóyá wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò dáa ni. Ọkọ mi ló fọwọ́ sí èyí. Ọkọ mi kì í ṣì í wọ̀n."

Mo ti gbọ́ tí àwọn oníṣòwò ṣépè fún mi. Ẹnì kan ti fi ìgbálẹ̀ lé mi jáde rí. Kò sí ìkankan tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo gbé bírò kalẹ̀. Mo ní, "Òkúta mi ò bàjẹ́. Òṣùwọ̀n rẹ náà ò bàjẹ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni nǹkan yẹn. Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ mọ kí ni?"

"Kékeré wà níbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ni. Mo fi sílẹ̀, mo ra èyí."

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Nítorí kí ni, sà?"

Mo ní, "Ìjàkadì."

"Ìjàkadì wo?"

"Ti tẹlifíṣọ̀n, mà."

Mátírọ́ọ̀nù wò mí títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúró, ó ní kí n tún un sọ.

Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn wá síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá ọkọ ẹ̀. Ìyá àgbà wo Mátírọ́ọ̀nù, ó wo òṣùwọ̀n, ó gbé ọmọ fún un. Wọ́n wọn ọmọ náà. Pẹ̀lú gbogbo ìgbẹ́ gbuuru tó ti ya, òkè ìlà pupa ló wà. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, èmi náà ò sì mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Ìyàwó mi ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ó ń fi irinwó padà sórí ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọ kìíní.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó ní, "Ẹ dákẹ́, mò ń ṣírò."

Mátírọ́ọ̀nù ò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òfin ló tẹ̀lé, èèyàn burúkú ló gbà gbọ́. Ọ́fíìsì wa gba èdìdì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé mi sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wọlé. Kò sí lẹ́tà tó ń sùn lọ́dọ̀ mi báyìí.

Èmi náà ni mo gbé báàgì fún ìyàwó mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láti ilé dé ilé, ilé mọ́kànlá, tí mò ń sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan pé ọmọ rẹ̀ ò ṣàìsàn, èmi ni mo purọ́. Nílé keje, obìnrin kan ní kí n dúró kí ọkọ òun dé, kí n wá sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Nígbà tí a fi máa dé ilé kẹjọ, okùn báàgì yẹn ti bó mi léjìká, mo sì mọ ohun tí irinwó gíráàmù jẹ́.

Ìyàwó mi ti lọ ra tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn fúnra rẹ̀. Ó kéré, ọwọ́ kan ló fi ń dì í mú. Mi ò mọ bó ṣe wúwo tó. Kò sọ fún mi, mi ò sì bèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́gbọ́n rèé, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyàwó. Mo rò pé tí irọ́ mi bá tú, èmi nìkan ló máa bà jẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó gbà mí gbọ́ máa kọ́kọ́ rò pé òṣùwọ̀n ló bàjẹ́, idẹ ló bàjẹ́, ọmú ìyá ọmọ ló bàjẹ́, kó tó rò pé èmi ni.

Kò sí ìjà nílé wa. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń bá mi jẹun, ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn àna mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, òun wà ní pálọ̀. Mo pè é, mo ní, "Nọ́ọ̀sì mi, òjò ti ń rọ̀, aṣọ wà níta."

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá wa."

Ó dìde. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó ṣí i, ó na ọwọ́ síta. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ló tó jáde lọ kó aṣọ.